Àyẹ̀wò àwòrán ara ògiri tó ń ṣàlàyé ìrìn agbára láàárín ohun abẹ̀mí

Àwòrán ńlá kan ni mo rà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì. Ó ń ṣàlàyé bí agbára oòrùn ṣe ń wọ inú koríko, tó ń ti ibẹ̀ bọ́ sára tata, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwòdì. Wọ́n fi ike bo ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé aṣọ tútù lásán ti tó láti nu eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò, lẹ́tà inú rẹ̀ sì tóbi tó fún ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láti kà.

Bí wọ́n ṣe ya ìpele kọ̀ọ̀kan ló wù mí jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, àpótí kan náà ni wọ́n ń yà fún koríko àti fún àwòdì, ọmọ á sì rò pé gbogbo ohun tó wà lára koríko ló dé ọ̀dọ̀ àwòdì láìdín. Níhìn-ín, koríko gba ìsàlẹ̀ ìwé láti etí dé etí, ibi tí wọ́n fún tata kéré sí i gan-an, ìlà tó dúró fún àwòdì lókè sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Tata kì í jẹ gbogbo koríko tán. Ó ń yàgbẹ́ apá kan nínú ohun tó bá jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ló sì ń fi mí, tó fi ń fò, tí yóò sì di ooru tí koríko kankan kò lè gbà padà mọ́. Ìdí nìyí tí tata kò fi lóǹkà nínú oko tí àwòdì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń kọjá láti ìpele dé ìpele, bí ẹni pé òfin ni. Nínú ìṣirò tí Howard T. Odum, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí àti àyíká wọn, gbé jáde ní ọdún 1957 lórí ìsun omi Silver Springs ní Florida, ewéko mú agbára tó tó kilokálórì 20,810 wọlé lọ́dún lórí ìwọ̀n mítà kan níbùú àti lóròó; 3,368 dé ara àwọn tó ń jẹ ewéko, 383 dé ara àwọn tó ń jẹ wọ́n, 21 péré ló sì kan àwọn apẹran tó wà lókè pátápátá. Ìgbésẹ̀ kejì nìkan ló sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ti àkọ́kọ́ jù ú lọ dáadáa, ti ìkẹyìn kò sì tó o rárá.

Àléébù tó dùn mí jù ni pé wọ́n há ikán, olú, ekòló àti bakitéríà mọ́ igun kan, láìsí ọfà kankan tó lọ sọ́dọ̀ wọn. Nínú igbó, èyí tó pọ̀ jù nínú ewé ni ẹnikẹ́ni kì í jẹ ní tútù. Yóò wọ́ dànù, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì jogún agbára inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi igi tú ewé jíjẹrà nísàlẹ̀ igi kòkó yóò ti rí fọ́nrán funfun olú tó so ewé pọ̀ mọ́ra, àti ikán tó ń jẹ igi gbígbẹ lábẹ́ wọn, yóò sì rí alángbá tó lúgọ nítòsí de ikán náà. Raymond Lindeman, onímọ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí adágún Cedar Bog ní Minnesota jáde ní ọdún 1942, fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún àti bakitéríà sí àárín gbùngbùn àwòrán tirẹ̀.

Síbẹ̀, màá gba olùkọ́ èyíkéyìí nímọ̀ràn láti rà á, nítorí pé n kò tíì rí òmíràn tó fi bí agbára ṣe ń dín kù han ọmọdé kedere báyìí. Kí ó ṣáà fi bírò aláwọ̀ pupa fa ọfà láti ìpele kọ̀ọ̀kan lọ sí igun yẹn. Ní ti àwọn tó tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ikán àti olú ní àyè tó gbòòrò nígbà tí wọ́n bá tún un tẹ̀.