Díìsìkì Kan tí a Pín sí Méjì àti Díìsìkì Méjì Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Èwo ni kí Ẹ Rà?

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Kàbà, tàbí tí à ń ránni lọ rà ní Lọ́kọ́ja, ló jẹ́ pé díìsìkì kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, tí òǹtajà sì ti pín in sí ìpín méjì: C, níbi tí Windows wà, àti D fún àwọn fáìlì. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó díẹ̀ sí i lè gba SSD (díìsìkì ayára tí kò ní ohun tó ń yí nínú) fún Windows, kí ó sì ra díìsìkì mìíràn fún àwọn fáìlì rẹ̀. Mo ti lo méjèèjì, ohun tí mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó ni ibi tí ààlà C àti D wà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ 500 GB, ṣùgbọ́n 60 GB péré ni ẹni tó tà á fún mi yà sọ́tọ̀ fún C. Àtúnṣe Windows ń jẹ àyè, kò sì pẹ́ tí C fi kún dẹ́nu nígbà tí D ṣófo. Mo ṣí Disk Management, irinṣẹ́ Windows tí a fi ń pín díìsìkì, mo gé lára D, mo sì padà sórí C, àmọ́ “Extend Volume”, àṣẹ tó ń mú ìpín gbòòrò, ti di aláwọ̀ eérú, kò ṣeé tẹ̀. Ìdí ni pé àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C gan-an, ní apá ọ̀tún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìparí D ni irinṣẹ́ yìí ti ń gé, tí D fúnra rẹ̀ á wá dínà. Ó di dandan kí a kó ẹrù D kúrò kí a sì pa á rẹ́, tàbí kí a lo irinṣẹ́ bíi GParted láti sún un. Sísún náà ń ṣí dátà nípò, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bí iná bá sì lọ lágbedeméjì, gbogbo ohun tó wà nínú ìpín náà lè bàjẹ́. Ẹ̀yin ará Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà mọ bí iná wa ṣe rí, bátìrì tòkunbọ̀ kì í sì í pẹ́ kú.

Díìsìkì méjì kò ní ààlà tí a ó máa sún. Bí C bá kún, SSD tó tóbi jù ú lọ ni a ó rà, a kò ní fọwọ́ kan D. Bí ọ̀kan bá sì kú, èkejì ṣì wà, nígbà tí C àti D tó jọ wà lórí díìsìkì kan náà jọ ń lọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwòrán ìgbéyàwó tí wọ́n kó sí D wà ní ìpamọ́.

Ní ti lẹ́tà bíi C àti D tí Windows fi ń pe ìpín tàbí díìsìkì, ọgbọọgba ni ọ̀nà méjèèjì. Ẹ má yí lẹ́tà ibi tí ẹ fi ètò (prógíráàmù) sí padà, nítorí ètò náà kò ní rí ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Díìsìkì USB, ẹ fún un ní lẹ́tà tó jìnnà bíi P, kí fíláàṣì má baà gba ipò rẹ̀.

Díìsìkì kan dínwó. Bí Windows bá bàjẹ́, a lè pa C nìkan rẹ́ kí D wà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká pẹlẹbẹ sábà máa ń ní àyè fún ẹyọ kan, nítorí náà díìsìkì USB ni yóò jẹ́ èkejì níbẹ̀.

Bí owó bá há, ẹ ra díìsìkì kan, kí òǹtajà fún C ní 150 GB ó kéré tán, tàbí kí ó má pín in rárá. Bí ọwọ́ yín bá tó o, méjì ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ó ṣí Disk Management lójú yín: bí Disk 0 nìkan bá hàn, tí C àti D sì wà lórí ìlà rẹ̀, díìsìkì kan ni ó ń tà fún yín, kí ẹ sì san iye díìsìkì kan.