Bíbélì Olóhùn Inú Ẹ̀rọ Kékeré: Àyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Ń Di Bàìbàì

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ohun tuntun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àpótí kékeré ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní sípíkà níwájú, ojú gíláàsì kékeré tí nọ́ńbà ti ń hàn, bọ́tìnì láti 0 dé 9, àyè tí a ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀, rédíò FM, àwọn mìíràn a sì tún ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní gáréèjì, àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe. Orúkọ ara páálí rẹ̀ ń yí padà láti ọjà kan sí èkejì, nítorí náà n kò lè tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ kan pàtó pé òun ni ó ṣe é. Ohun tí ènìyàn ń sanwó fún gan-an ni káàdì inú rẹ̀, tí wọ́n ti ka odidi Bíbélì Yorùbá sí, láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn.

Àìrójú kàwé ni ó sọ mí di oníbàárà ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí lẹ́tà yóò máa sá mọ́ mi lójú. Dókítà ojú sọ fún mi pé glaucoma ni. Nínú àrùn yìí, ìfúnpá inú ojú sábà máa ń ga nítorí pé omi inú rẹ̀ kò ráyè ṣàn jáde bí ó ti yẹ, a sì máa ba iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ìran ti máa ń kọ́kọ́ lọ, kì í sì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè máa ṣe wọlé-wọ̀de láìfura. Láàrin 10 sí 21 ni wọ́n ń ka ìfúnpá ojú sí èyí tí ó wà ní déédéé. Tèmi ti kọjá 30. Ìran tí ó bá ti lọ kì í padà mọ́. Oògùn tí mo ń kán sójú wà láti dáàbò bo èyí tí ó kù. Mo gbàdúrà ìwòsàn, mo sì ń gbà á síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí àdúrà gba oògùn lọ́wọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí n kò ti jẹ́ kí oògùn gba àdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ń tà á kì í sábà ṣe àlàyé náà. Ìwé 66 àti orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì. Lórí káàdì tí wọ́n bá tò dáadáa, orí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní Jẹ́nẹ́sísì tí í ṣe 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ Sáàmù 23 yóò tẹ 501. Sáàmù 121 wà ní 599. Jóòbù bẹ̀rẹ̀ ní 437. Orí kẹta Hábákúkù, níbi tí wòlíì náà ti pinnu pé òun yóò yọ̀ nínú Olúwa bí igi ọ̀pọ̀tọ́ kò tilẹ̀ so, wà ní 906. Ọmọ mi obìnrin ni ó bá mi ṣírò wọn, tí ó fi máákà dúdú kọ wọ́n gàdàgbà sórí páálí kan, mo sì ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí báyìí.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ tí àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu ń rà jù lọ ni wọ́n ṣe bọ́tìnì rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ìka lè mọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ orí 5 kí n tó lè dá a lò lóru. Nọ́ńbà ojú gíláàsì rẹ̀ kéré débi pé ẹni tí ó bá lè kà á kò nílò ẹ̀rọ náà. Bí a bá gbé ohùn rẹ̀ sókè ju ìwọ̀n lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Bátìrì rẹ̀ kò dára púpọ̀, bí ó bá sì ti fẹ́ kú, obìnrin kan á ké lédè òyìnbó láti inú rẹ̀ pé kí a lọ cháàjì, ìbáà jẹ́ àárín ẹkún Jeremáyà ni. Káàdì náà pé oríṣiríṣi. A rí èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ka láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì rí èyí tí wọ́n ṣe bí eré, tí ààrá ń sán, tí ogunlọ́gọ̀ ń pariwo. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni mo yàn, nítorí pé ariwo kì í jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á tẹ 929. Bí kì í bá ṣe orí tí ó gbẹ̀yìn Málákì ni ẹ gbọ́, bóyá orí kan ti sọnù, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n da títò rẹ̀ rú.

Ìwé Jóòbù ni ó mú kí n mọ ohun tí etí ń ṣe tí ojú kì í ṣe. Nígbà tí mo ń fi ojú kàwé, bí púpọ̀ nínú àwọn oníwàásù wa ti ń ṣe ni èmi náà ń ṣe: mo ń ka orí méjì àkọ́kọ́, níbi tí ẹran ọ̀sìn, ọmọ àti ìlera ti lọ, mo sì ń fò lọ sí orí 42, níbi tí Ọlọ́run ti dá gbogbo rẹ̀ padà ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ yìí kì í fò bẹ́ẹ̀ bí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Láti 439 dé 473, ẹjọ́ Jóòbù àti èsì àwọn tí ó wá tù ú nínú ni ènìyàn yóò máa gbọ́. Elifasi á sọ tirẹ̀, Bilidadi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, Sofari á dá sí i, gbogbo wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ pa ọkùnrin náà. Nígbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wá dáhùn ní 474, ìbéèrè ni ó fi dáhùn. Kò sọ ìdí ìyà náà fún un. Àárín yìí ni mo wà, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́, kí ìlọ́po méjì tó dé, tàbí bí kò bá tilẹ̀ dé rárá.

Ìtàn Jósẹ́fù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 37, fún mi ní ohun tí n kò wá lọ sí ọjà. Alhájà tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan gbọ́ ohùn náà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó gbé àpótí ìjókòó wá, ó ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ bá mi gbé e sókè díẹ̀, Yusufu wa nìyẹn." Súrà 12 nínú Kùránì ni ó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà, Alhájà sì mọ ìtàn rẹ̀ dénú. A ti jọ ń gbé inú ọgbà náà pẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni òwúrọ̀ àti ọ̀rọ̀ omi ni ó pọ̀ jù láàrin wa. Láti ìgbà náà ni ó ti máa ń bá mi mú ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gba oògùn sọ́kàn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ.

Èdè tí ohùn inú káàdì mi ń kà wá láti inú iṣẹ́ tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe, èyí tí odidi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní 1837, ó pe ọjọ́ tí wọ́n kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì fi kún un pé a ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní ọ̀nà mìíràn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ yẹn dá òwò ẹrú láre. Ọdún tí ó kọ ọ́ ni ó gbà mí lọ́kàn. Ní 1846 ni ó tó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìpàdé náà, nígbà tí kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè, ni ó ti sọ pé ìbùkún ń bẹ nínú ọjọ́ náà. Bí mo bá ń gbọ́ Bíbélì yìí, mo máa ń rántí pé ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí kànga Jósẹ́fù jẹ́.

Ìbùkún kan ṣì wà tí ó tóbi ju ti ẹ̀rọ lọ, n kò sì lè yọ ọ́ kúrò nínú àyẹ̀wò yìí, nítorí pé òun ni ó mú kí n tún padà lọ rà á. Glaucoma máa ń rìn nínú ìdílé, dókítà sì ní kí gbogbo ọmọ ìyá mi lọ yẹ ojú wò. Àwọn kan rojọ́, àwọn kan lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi ọkùnrin, tí kò ráhùn ojú rí, ni wọ́n rí i lára rẹ̀ nígbà tí kò tíì ba ìran rẹ̀ jẹ́ púpọ̀, oògùn sì ti mú ìfúnpá náà wálẹ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ni ó gba tèmi là." N kò rí èsì fọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò tọrọ pé kí ó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì bi mí ṣáájú, n kò dá mi lójú pé ǹ bá gbà.

Mo ra ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i. Ojú tirẹ̀ ṣì ń ka ìwé dáadáa, nítorí náà bọ́ọ̀lù ni ó ń fi FM rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ ni ó ń gbọ́ Bíbélì. Owó èyí fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ yọ síta, ohùn rẹ̀ kì í bú, 929 rẹ̀ sì pé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́jà, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi irú tèmi sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.