Kí Omi Mímu Má Baà Dì Lórí Kẹ̀kẹ́: Ike Onípele Méjì, Fúláàsì, àbí Àpò Ẹ̀yìn?

Ẹnu ike omi ló máa ń kọ́kọ́ dì. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ jìnnà nínú òtútù á ti rí i: ẹ mi ike omi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nínú, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀kán kan ò jáde. Omi tó wà ní ikùn ike ò tíì dì. Ìwọ̀nba tó há sẹ́nu rẹ̀ ló ti di yìnyín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo ẹnu kí n tó wo ara, ohun yòówù kí ọlọ́jà máa sọ nípa bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ike onípele méjì ló fúyẹ́ jù, òun náà ló rọrùn jù láti mu: ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ọwọ́ kejì ń tẹ ike. Afẹ́fẹ́ tàbí fóòmù tó wà láàárín ìpele méjèèjì ń dá òtútù dúró díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Bí ojú ọjọ́ ò bá lọ jìnnà sísàlẹ̀ 0°C, tí ìrìn náà ò sì ju bíi wákàtí kan lọ, ó tó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ bù sí i. Omi híhó á mú ike rọ̀, ọmọrí á sì máa jò.

Fúláàsì onírin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ pàápàá ò sí láàárín irin méjèèjì, nítorí náà ooru ò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà sá gbà. James Dewar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1892, kì í sì í ṣe nítorí tíì. Gáàsì tí wọ́n fi òtútù sọ di omi ló fẹ́ tọ́jú. Ẹ rọ tíì híhó sínú èyí tó dáa láàárọ̀, ẹ ó bá a ní gbígbóná lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ -10°C. Ṣùgbọ́n ó wúwo, kò ṣé tẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ sì máa dúró kẹ́ ẹ tó lè ṣí i, pàápàá bí ìbọ̀wọ́ bá nípọn. Ẹ yan èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ike, torí irin tó tutù gan-an máa ń lẹ̀ mọ́ ètè.

Àpò omi tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní rọ́bà tí a fi ń fà á mu, ń jẹ ooru ara yín bí ẹ bá wọ kóòtù lé e lórí. Bí ẹ bá gbé e sórí kóòtù, owó ti ṣòfò nìyẹn. Rọ́bà ni ìṣòro rẹ̀: ó tín-ín-rín, omi inú rẹ̀ ò pọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Mo ti ra ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ fún rọ́bà yìí rí. Ó ń dá dídì dúró fúngbà díẹ̀, àmọ́ ohun tí mi ò fowó rà ló ṣiṣẹ́ jù: bí mo bá mu tán, mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn padà sínú rọ́bà kí omi inú rẹ̀ lè padà sínú àpò, kí n tó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ kọ́là. Ẹ yẹ ojú rírán àpò wò dáadáa. Omi tó jò sẹ́yìn ènìyàn nínú òtútù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bí ike lásán lẹ ní, ẹ dojú rẹ̀ dé, bí ọmọrí ò bá jò. Yìnyín máa ń léfòó, ìdí ike tó wà lókè ló máa dì ṣáájú, ẹnu á ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ má ra ìyẹ̀fun tí àwọn eléré ìdárayá ń pò mọ́ omi mu torí kí omi má baà dì. Ṣúgà àti iyọ̀ inú rẹ̀ ò lè fi dígírì kan sún dídì síwájú.

Fún ìrìn gígùn, àpò abẹ́ kóòtù ni màá ra. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó dúró mu nǹkan gbígbóná, kó ra fúláàsì, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wọn irin tí à ń ki ike bọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Ike tí wọ́n ṣe é fún fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 73 sí 74. Fúláàsì tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ní wọlé, èyí tó bá tín-ín-rín sì máa ń fò jáde. Inú kòtò ni tèmi gbà lọ.