Okùn Iná Kérésìmesì Onírọ́ọ̀lù: Àgbéyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Ń Fọ Ara Ilé ní Maryland

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ni kí n máa fi ẹ̀rọ tí ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára fọ ara ògiri, òrùlé àti kọnkéré iwájú ilé àwọn ènìyàn. Láti oṣù Kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni iṣẹ́ náà máa ń wọlé dáadáa. Bí òtútù bá ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń dì lóru, kò sí onílé tí yóò pe ènìyàn wá da omi sí ara ògiri rẹ̀, bí ó bá sì pè é pàápàá, omi tí ó bá ṣàn dé ẹnu ọ̀nà yóò di yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé yóò sì máa yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ẹ̀rọ mi fi ń sinmi lọ́dún, ṣùgbọ́n owó ilé kì í sinmi, owó ọkọ̀ kì í sinmi, owó adójútòfò kì í sinmi. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ọjà tí mo rà láti fi dí àlàfo yẹn: okùn iná Kérésìmesì tí àwọn tí ó ń fi iná ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ń lò, tí ó máa ń wà ní róólù gígùn, tí a sì ń gé bí iwájú ilé oníbàárà bá ṣe gùn tó. Ìgbà òtútù mẹ́ta ni mo ti lò ó, mo sì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìfòyà.

Róólù kan gùn tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Wáyà ni, aláwọ̀ ewé tàbí funfun, tí ihò gílóòbù wà lára rẹ̀ ní ínǹṣì 12 síra wọn; àwọn kan máa ń ra èyí tí ihò rẹ̀ fi ínǹṣì 15 jìnnà síra. Gílóòbù kò sí nínú rẹ̀, lọ́tọ̀ ni a ń rà á. Gílóòbù LED, irú tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ C9 ni mo yàn, tí ìrísí rẹ̀ dà bí èso kòkó tí kò tíì gbó, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóṣóró. Lọ́tọ̀ náà ni a ń ra púlọ́ọ̀gì tí a ó fi sí ẹnu wáyà, àti kílíìpù tí a ó fi kọ́ ọ mọ́ gọ́tà òrùlé. Kí ẹni tí ó bá rí owó róólù nìkan má rò pé òun ti rí owó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo kó gbogbo ẹrù mi jọ, ó lé díẹ̀ ní dọ́là 1,900, inú owó náà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù ti bá gílóòbù lọ.

Kí n tó mọ róólù rárá, iná inú páálí tí wọ́n ń tà fún onílé ni mo kọ́kọ́ lò. Òrùlé ilé kan ní Bowie, ìlú kan ní Maryland, ni mo so ó mọ́. Ó dùn ún wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àárín oṣù Kejìlá, ìdajì okùn kan ṣókùnkùn gan-an ní òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo àlejò yóò ti rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun àkàbà padà nínú òtútù, tí mo ń tẹ gílóòbù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onílé náà kò bá mi jà, ó kàn ń wò mí láti ojú fèrèsé, ojú sì tì mí ju bí ìbá ti tì mí bí ó bá bá mi jà lọ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nínú irú okùn yẹn, iná máa ń gba inú gílóòbù kan kọjá sí inú èkejì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn tí ó tò tẹ̀ lé e nínú ọ̀wọ́ kan náà yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ti okùn onírọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń fa iná tirẹ̀ lára wáyà, bí ọ̀kan bá kú, òun nìkan ni yóò kú, a ó sì tú u, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Gígé tí a ń gé e ni mo fẹ́ràn jù lọ nípa ọjà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń lọ wọn iwájú ilé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, n ó sì kọ ìwọ̀n ìhà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́, n ó jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, n ó tú róólù, n ó sì gé e lẹ́yìn ihò gílóòbù tí ó kẹ́yìn ìwọ̀n. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ìdérí tí ó ń yọ̀ wọlé. Bí a bá ti ki ẹnu wáyà sínú rẹ̀, tí a sì fi àtàǹpàkò ti ìdérí náà, eyín irin méjì yóò gún awọ wáyà, wọn yóò sì kan irin tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí pé a ń bó wáyà, kò sí pé a ń dì í. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Bí ẹ bá fi èékánná ra ara wáyà náà, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ onílà ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìhà irin tí ó fẹ̀ jù nínú irin méjì tí púlọ́ọ̀gì ní. Inú ilé ni mo ti ń ṣe èyí, nítorí pé nínú òtútù ìta, awọ wáyà máa ń gan, àtàǹpàkò a sì máa dun ènìyàn títí di ọjọ́ kejì. Kò tún sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni yóò fi gé wáyà tí iná wà lára rẹ̀.

Nípa iye iná tí ó ń jẹ, mi ò ní àròyé kankan. Ilé tí iwájú rẹ̀ gbà ẹsẹ̀ bàtà 150 yóò gba gílóòbù 150. Gílóòbù C9 ti àtijọ́, tí ó máa ń gbóná, ń jẹ wáàtì 7, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,050, èyí tí ó súnmọ́ ámpù 9 lórí iná fóòlù 120 tí Amẹ́ríkà ń lò. Orí ìlà ámpù 15 sì nìyẹn, ìlà tí kò yẹ kí ènìyàn gbé ju ámpù 12 lé fún wákàtí púpọ̀. Ti LED tí mo rà kò tó wáàtì kan lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo 150 náà kò sì ju nǹkan bí ámpù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tan ilé ńlá, láìsí pé onílé ń pè mí lóru pé bíréékà ti já.

Àléébù wà lára rẹ̀. Kílíìpù ni ó burú jù. Rọ́bà líle ni, bí òtútù bá sì ti rorò, ó máa ń kán lọ́wọ́ ènìyàn bí èèpo ẹyin. Mo máa ń gbé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí mo nílò dání. Èkejì ni àwọ̀. Mo ra gílóòbù funfun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti fìtílà. Ní ọdún kejì mo tún ra 200 sí i lábẹ́ orúkọ àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan án, ó funfun ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì hàn gbangba lójú òrùlé. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí wọ́n pàdé lórí ilé kan mọ́. Ẹ̀kẹta, bí ihò kan bá ṣófo, tàbí tí ẹnu wáyà tí ó parí kò ní ìdérí, yìnyín tí ó ń yọ́ yóò wọ inú rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta tí wọ́n ṣe kí ó máa já bí omi bá kan iná yóò sì já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ẹ̀bi ọjà kọ́ ni ìyẹn pátápátá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa fi ìdérí bíi mélòó kan sínú páálí rẹ̀.

Ní ti owó, ilé méje ni mo ṣe ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 860. Dọ́là 6 ni mo gbà lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí síso iná mọ́ ilé, títúnṣe, títú u sílẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀ wà. Èmi ni mo ni iná, oníbàárà kàn ń yá a lò ni. Dọ́là 5,160 ni ó wọlé. Mo san owó ọjà padà láàárín oṣù kan, ní ọdún kejì sì rèé, kílíìpù àti gílóòbù 200 yẹn nìkan ni mo rà. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí mo ti fọ ilé wọn rí ni gbogbo àwọn méje yẹn, mo sì ti ní àkàbà àti ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní irú wọn, tí ó sì ń wá oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ retí irú èrè yìí. Mo tún pe àwọn adójútòfò mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé tí ó dáàbò bo ẹni tí ń fọ ògiri lè má dáàbò bo ẹni tí ń so iná mọ́ òrùlé. Mi ò sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ òrùlé tí ìrì dídì bá wà lórí rẹ̀, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san.

Ohun tí róólù yìí kò lè ṣe ni kí ó gbé ènìyàn dé oṣù Kẹta. Kí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti Amẹ́ríkà (Thanksgiving) tó dé, ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá, ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kí iná wọn ti tàn, ní oṣù Kìíní ni a ó sì tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Àjọ ni mo fi ń la oṣù Kejì kọjá. Àwa mẹ́wàá ni a jọ ń dá a, dọ́là 300 lóṣù láti oṣù Karùn-ún, mo sì bẹ olórí àjọ wa pé kí ó fi mí sí ìparí, kí dọ́là 3,000 mi lè bọ́ sí oṣù Kejì gan-an. Ní ìgbà òtútù kan tí mo gbàgbé omi sínú pọ́ǹpù ẹ̀rọ mi, tí omi náà dì, tí ó fẹ̀, tí ó sì la irin pọ́ǹpù sí méjì, inú owó iná ni mo ti yọ èyí tí mo fi ra òmíràn. Báyìí, oògùn aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ (píǹkì) tí kì í jẹ́ kí omi dì, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ tí ènìyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé, ni mo ń fà wọ inú pọ́ǹpù kí n tó gbé e pamọ́.

Ní ọdún yìí, ilé tí mo tú iná rẹ̀ kẹ́yìn jẹ́ ti Màmá kan, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ká okùn wọn sínú àpò, mo kọ orúkọ òpópónà wọn àti "òkè ẹnu ọ̀nà" sí i lára, kí n má baà wọn ilé náà mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, wọ́n ń wo ara ògiri tí eruku òtútù ti bò.

"Ọmọ mi, ṣé wàá bá mi fọ gbogbo èyí kí Àjíǹde tó dé? Àwọn ọmọ ọmọ mi ń bọ̀."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà." Okùn iná ṣì wà léjìká mi nígbà tí mo fa ìwé yọ, tí mo kọ orúkọ wọn sí ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ oṣù Kẹrin.