Ilé etí òkun ní Àgbádárìgì àti ilé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Àwọn tí ó fẹ́ ya àwòrán ilé tiwọn, kí wọ́n sì kọ́ ọ síbi tí wọn yóò ti máa wo omi láti ojú fèrèsé, sábà máa ń fi etíkun Àgbádárìgì wé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Mo ní ilé ní ibi méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ ní ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀, èkejì ní Ẹ̀pẹ́. N kò ní máa sọ bí òkun ṣe fẹ̀ tó tàbí bí ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe rí, nítorí ẹni tí ń wá ilẹ̀ ti mọ ìyẹn. Ohun tí alágbàtà ilẹ̀ kì í mẹ́nu bà ni mo fẹ́ sọ, iyọ̀ sì ni olórí rẹ̀.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, orí òkun ni ó sì ń gbà, nítorí náà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Iyọ̀ tí ó ń gbé bọ̀ a máa wọ inú ilé, a máa jẹ ìdè ilẹ̀kùn, àgádágodo, ẹ̀yìn fìríìjì àti apá ẹ̀rọ amúlétutù tí a gbé síta. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá òkè mi ní Àgbádárìgì ti jẹ tán nínú kí ọ̀dà ara rẹ̀ tó ṣá. Ìyẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún òpó àti dẹ́kì. Bí ó bá dé ibi irin inú kọnkéré, irin náà yóò dípẹtà, ìpẹtà a sì máa wú ju irin tí ó ti jáde lọ, yóò wá máa ti kọnkéré láti inú títí tí yóò fi sán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a kọ́kọ́ ń rí, pẹ́ńtà yóò ní kí a fi sìmẹ́ńtì dí i kí a sì kùn ún. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún mélòó kan, abẹ́ bákónì ti ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, irin sì ti yọjú síta. Owó tí mo ti ná sórí àtúnṣe irú èyí ju iye tí mo fi ra ilẹ̀ náà lọ.

Lára ohun tí ó fà á ni iyanrìn. Awakọ̀ típà kan gba owó ṣáápù sáńdì odò lọ́wọ́ wa, etíkun ni ó sì ti lọ wa iyanrìn oníyọ̀ tí ó já sílẹ̀ fún wa. Fífi ahọ́n tọ́ iyanrìn wò kò tó. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn oníirin bí bísíkíìtì, ìyẹn ègé kọnkéré pẹlẹbẹ, ṣe nípọn tó, èyí tí wọ́n fẹ́ fi sábẹ́ irin kí ó má baà kan pákó: mílímítà 25 ni wọ́n sábà máa ń lò nígboro, ṣùgbọ́n létí òkun kí ó má dín ní 50, kí ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré, nítorí bí ẹ bá yí ẹ̀yìn padà báyìí, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù tí ó nípọn, mílímítà 0.55 dípò 0.45, ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó irin lásán kàn án.

Ní Ẹ̀pẹ́, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ń tú omi dídùn sínú àwọn ọ̀sà ìhà ibẹ̀, ọ̀nà sì jìn sí ẹnu òkun ní Èkó, nítorí náà iyọ̀ kò rí irin jẹ bẹ́ẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn tí mo rà lọ́jọ́ kan náà fún ilé méjèèjì, ti Ẹ̀pẹ́ ṣì ń ṣí wẹ́rẹ́. (Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845, Àgbádárìgì ni ó wà, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni àwọn tí ó kọ́ ọ gbé e sí.)

Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni kò dára tó ti òkun. Àbàtà pọ̀ létí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn etíkun máa ń fa omi òjò mu kíákíá, nítorí náà ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ya àwòrán ilé. Ẹ̀fọn wà, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ti bá mi parí ìyẹn.

Òkun a máa jẹ ilẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ó ya wọ etíkun Kuramo ní Èkó, ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ẹ bi àwọn àgbà apẹja ibi tí ìlà àkọ́kọ́ igi àgbọn wà nígbà èwe wọn.

Ní ti ìwé ilẹ̀, ìhà méjèèjì ni omi wà, ìhà méjèèjì sì ni ìjọba ti ń béèrè àyè sílẹ̀ létí omi. Ẹ lọ wádìí ní Alausa, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, àti lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kí ẹ tó fún ọmọ onílẹ̀ ní kọ́bọ̀. Bí ilẹ̀ yín bá wà ní Gbẹ̀rẹ̀fú, ìyẹn òdì kejì ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ẹ rántí pé ọkọ̀ ojú omi ni yóò kó gbogbo àpò sìmẹ́ńtì kọjá.

Ní ti ìwòran, kò sí ohun tí ọ̀sà fẹ́ fi bá òkun du ú.

Nítorí náà, n kò lè sọ pé ọ̀kan sàn fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó fẹ́ ilé ìgbafẹ́, tí ó ní owó àtúnṣe lọ́dọọdún, tí ó sì ní ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀ bá a tọ́jú rẹ̀, etíkun yẹ ẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ilé tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé, kí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí ọ̀sà bá kún, kí ó rí ibi tí omi dé kí ó tó sanwó. Èmi àti ẹbí mi ti kó lọ síbẹ̀. Àwọn tí ń wá lo ìsinmi ọdún ni mo ń fún ní ilé Àgbádárìgì yá, owó tí wọ́n ń san ni mo sì fi ń ra ọ̀dà rẹ̀.