Eré ìgboro àbí eré igbó?

Ní Sweden, ẹni tó ń fi máàpù àti kọ́ńpáàsì sáré, eré tí wọ́n ń pè ní orienteering, lè díje nígboro tàbí nínú igbó. Ti ìgboro kì í pẹ́: nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni àwọn ọ̀gá fi ń parí ẹ̀, lórí máàpù 1:4,000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan ti dúró fún mítà 40. Ẹsẹ̀ yíyá ló ń fẹ́.

Igbó ni tèmi. Irà á gbé ẹsẹ̀ mì, àpáta á dínà, eré gígùn àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ọkùnrin sì máa ń tó ìṣẹ́jú 90. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka òkè àti àfonífojì, kódà nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sáré igbó lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sinmi lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá ń múra O-Ringen, ìdíje ìpele márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, kó gbájú mọ́ igbó, kó fi ìgboro kan sáàárín ọ̀sẹ̀.