Kọ́ìlì àfọwọ́ká àti ti ilé-iṣẹ́: èwo ló tọ́ sí ọ?

Kọ́ìlì ni wáyà tín-ínrín inú fépù (sìgá oníbátìrì) tó ń gbóná, tó sì ń sọ omi inú rẹ̀ di èéfín. Ti ilé-iṣẹ́ ti ní òwú nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kán omi fépù díẹ̀ sí òwú náà, dè é mọ́ ojú rẹ̀, dúró bí ìṣẹ́jú 10 kó mu dáadáa. Ó parí. Bó bá jóná, o jù ú nù, o ra òmíràn. Ibẹ̀ lowó ti ń lọ.

Àfọwọ́ká ń fẹ́ sùúrù. Wáyà Kanthal (irú wáyà tí wọ́n fi ń ṣe kọ́ìlì) 26 gauge, ìyẹn bó ṣe nípọn tó, tí o ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà mọ́ irin oní-mìlímítà 3 á fún ọ ní nǹkan bíi 0.8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná; bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń kọjá ṣe ń pọ̀ tó). Wáyà ò wọ́n, òwú lo sì máa ń pààrọ̀ jù. Àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀ o! Bátìrì tó kún jẹ́ 4.2 volt. Lórí 0.8 ohm, iná tó ń fà kò ju bíi 5 amp lọ. Lórí 0.1 ohm, ó di 42 amp, èyí tó ju agbára ọ̀pọ̀ bátìrì 18650 (irú bátìrì fépù kan) lọ. Bátìrì lè bú gbàmù, pàápàá nínú mech mod, irú fépù tí kò ní ohun tó ń dá iná dúró bó bá pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ohm, ti ilé-iṣẹ́ ni kó rà.

Ní ti adùn, èmi fara mọ́ àfọwọ́ká. (Nikotíìnì ò kúkú bìkítà ta ló ká wáyà.)